Lébìrà Ni Ọkọ, Bíríkìlà Ni Ìyàwó

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí: ilé tí ọkọ àti aya fi ọwọ́ ara wọn kọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ilé olókùúta kan wà nítòsí òkun ní Harborside. Scott Nearing àti Helen aya rẹ̀ ló kọ́ ọ lẹ́yìn ọdún 1970. Ọdún 1883 ni wọ́n bí Scott, ọdún 1904 ni wọ́n bí Helen. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò! Bàbá ti lé ní ẹni 90 ọdún, ìyá sì ti tó ẹni 70 ọdún.

Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà ló wú wa lórí jù. Helen ló ya àwòrán ilé, òun náà ló ń to òkúta. Scott, tó ti kọ́ni ní yunifásítì rí, tó sì ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé, òun ló ń po kankéré. Ọwọ́ ló fi ń pò ó, kì í ṣe ẹ̀rọ. Lédè àwọn oníṣẹ́ wa, ìyàwó ni bíríkìlà, ọkọ ni lébìrà! Bàbá kò sì torí bẹ̀ di ẹni yẹpẹrẹ.

Wọ́n á kan pákó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí ògiri yóò wà, wọ́n á to òkúta sínú rẹ̀ kí ojú tó tẹ́jú kọ sí pákó, wọ́n á wá da kankéré sẹ́yìn òkúta. Bí ó bá ti le, wọ́n á tú pákó, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣa òkúta jọ, tí wọ́n ń pín in sí òkìtì-òkìtì: ti igun ilé lọ́tọ̀, ti ilẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó burẹ́wà pàápàá ní òkìtì tirẹ̀. Wọn kì í jù ú nù. Inú ògiri, níbi tí ojú kò ti ní rí i, ni wọ́n ń lò ó sí. Àwọn ọ̀dọ́ náà bá wọn dá sí iṣẹ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà òyìnbó lèyí. Láyé ilé amọ̀, ọkùnrin ń po amọ̀, ó ń mọ ògiri. Obìnrin ń pọnmi, ó ń dáná fún àwọn tó wá ṣe ọ̀wẹ̀, òun náà ló ń pa ilẹ̀ kó lè máa dán. Ìyàwó mọ ọjọ́ tí ilé bẹ̀rẹ̀.

Lónìí ń kọ́? Ọkọ á ra ilẹ̀, kò ní sọ fún ìyàwó. Yóò kọ́lé dé òrùlé, ẹnu ọ̀rẹ́ ni ìyàwó yóò ti gbọ́. Ìyàwó náà ń dá àjọ lábẹ́lẹ̀, ó ń wá ilẹ̀ tirẹ̀. Ilé méjì dìde, ìdílé kan wó. Bí ọlọ́jọ́ bá wá dé, ta ni yóò mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà? Kí opó tó mójú kúrò lára òkú, ẹbí ti ní kó kẹ́rù rẹ̀ jáde.

Scott kú ní ọdún 1983, kété lẹ́yìn tó pé ẹni 100 ọdún. Helen ń gbé inú ilé náà lọ títí ọlọ́jọ́ tirẹ̀ fi dé ní ọdún 1995. Ta ni ìbá sọ fún un pé kò mọ bí ilé ṣe dìde? Ọwọ́ rẹ̀ ló to ó.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ mú aya yín dé orí ilẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà nínú ìwé, kí aya sì mọ ibi tí ìwé wà. Ẹ̀yin aya, ẹ mú owó àjọ yín jáde; bí kò ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ, ó ní ibi tí yóò wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń háyà yàrá, ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò rẹ̀ láti alẹ́ òní. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.