Ṣé Olówó Nìkan Ló Ni Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ?

Bí orí bá ń fọ́ni, gbogbo ara ló ń jìyà. Àmọ́ orí fífọ́ kan wà tí kì í ṣe ibà, tí kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, tí kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo wà nínú rẹ̀.

Colloid cyst ni àwọn dókítà ń pe ohun tó ń fà á. Àpò kékeré kan ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń ki bí ẹ̀kọ tútù. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í tàn káàkiri ara. Ibi tó ń hù sí ni ìjàngbọ̀n. Omi wà nínú ọpọlọ gbogbo wa. Lójúmọ́ kan, ọpọlọ àgbàlagbà ń ṣe tó ìdajì lítà omi yìí, ó sì ń gba ọ̀nà tóóró láti yàrá kan sí èkejì kó tó ṣàn jáde. Ẹnu ọ̀nà tóóró yìí gan-an, ní àárín gbùngbùn ọpọlọ, ni àpò náà máa ń jókòó sí. Bó bá dí ọ̀nà pa, omi á kún, á sì máa tẹ ọpọlọ mọ́ egungun.

Orí á máa fọ́ onítọ̀hún, á dẹ̀ ẹ́, á tún padà dé. Èébì á máa gbé e. Ojú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì. Ẹlòmíràn á máa gbàgbé nǹkan. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn á kàn yẹ̀ lójijì, á ṣubú láìdákú. Nígbà míì, ẹni tí a rí lánàá tó ń rìn á kú lónìí. Kí ni a sábà máa ń sọ nígbà náà? “Wọ́n ti pa á!” A ó dá ìyá àgbà kan lẹ́bi, ẹbí á tú ká, bẹ́ẹ̀ omi tí kò rọ́nà jáde ló fa ikú. Ìrẹ́jẹ ni èyí sí òkú àti sí alààyè.

Nínú mílíọ̀nù ènìyàn kan, bí ẹni 3 ni wọ́n ń rí lọ́dún tó ní àìsàn yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láàárín ọmọ ọdún 20 sí 50, àwọn tí ilé gbójú lé.

Ìwòsàn wà. Ní 1921, Walter Dandy yọ irú àpò yìí jáde ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Láyé ìgbà náà, wọ́n ní láti ṣí egungun orí sílẹ̀ gbọọrọ. Láti bíi 1980 sókè ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń lo ohun èlò tí wọ́n ń pè ní endoscope. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsùlù ni, tòun ti iná àti kámẹ́rà. Wọn á dá ihò kékeré sí egungun orí, wọn á ti páìpù náà wọ yàrá omi, wọn á máa wo inú ọpọlọ lójú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n, wọn á fa ohun inú àpò náà jáde, wọn á sì yọ awọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń padà sílé láàárín ọjọ́ mélòó kan.

N kò sọ pé endoscope ló dára jù nígbà gbogbo. Ṣíṣí orí sílẹ̀ a máa kó àpò náà tán jù ú lọ. Bí ti endoscope bá ṣẹ́kù, ó lè tún hù. Èyí tó kéré tí kò yọni lẹ́nu, dókítà lè máa fi scan ṣọ́ ọ lásán. Dókítà ni kó yàn. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí àpò owó aláìsàn máa yàn fún un.

Ẹlòmíràn á ní, “Pásítọ̀, ibà ń pa àwọn ọmọ wa, ẹ ń sọ ti ẹni 3 nínú mílíọ̀nù.” Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdáhùn mi. Irú ohun èlò kan náà ni a fi ń tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ tí omi kún orí wọn, èyí kò sì ṣọ̀wọ́n rárá ní Áfíríkà. Ẹ wo Mbale, ní ìlà-oòrùn Uganda. Benjamin Warf, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, kó lọ síbẹ̀ ní 2000, ó sì wà lára àwọn tó dá ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé CURE sílẹ̀. Ìtọ́jú tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí a fi rọ́bà sínú orí ọmọ, kó máa fa omi lọ sínú ikùn. Rọ́bà náà a máa dí, kòkòrò a sì máa wọ̀ ọ́. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà sí dókítà lè kú sọ́nà. Warf fi endoscope ṣí ọ̀nà míràn fún omi náà, ó sì jó lára ẹran tó ń ṣe omi. Ní 2017, àbájáde ìwádìí lórí ọmọ ọwọ́ 100 jáde láti Mbale: lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́ láàárín òye àwọn tí a fi endoscope tọ́jú àti òye àwọn tí a fi rọ́bà sí. Ó ṣeé ṣe ní Áfíríkà, fún ọmọ àgbẹ̀.

Àwa náà kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Latunde Odeku, ẹni àkọ́kọ́ nínú ọmọ Nàìjíríà tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dé UCH Ìbàdàn ní 1962, ó sì dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ìmọ̀ wà, owó ló kù. Ní Àbújá ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí láti fi 15 nínú 100 ètò ìṣúná sórí ìlera. Ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì dé ibẹ̀ rí. Òfin ìlera 2022 sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo wa, ó sì ní kí àpò owó wà fún àwọn aláìní. Èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé ìṣúná, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Nítorí náà, èkínní: ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹnì kan bá wá pẹ̀lú orí fífọ́ àti èébì tí kò lọ, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì ní kó tètè lọ rí dókítà. Lúùkù tó kọ Ìhìn Rere, oníṣègùn ni. Èkejì: ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín, ẹ béèrè iye tó wà fún scan, fún endoscope àti fún kíkọ́ àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ béèrè bóyá adójútòfò ìpínlẹ̀ yín ń san owó iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ẹ̀kẹta: ẹ forúkọ ara yín sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ìjọ sì san ti àwọn opó.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹni 3 kò pọ̀ tó, ẹ rán an létí olùṣọ́-àgùntàn tó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ lọ wá ẹyọ kan. Kò béèrè bóyá ẹyọ kan pọ̀ tó.