Ta Ló Ṣọ́ Odi Fashoda?



Ní ilé ìwé tí mò ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n kọ́ wa nípa Fashoda. Orúkọ méjì péré ló wà lójú pátákó: Marchand ti Faransé àti Kitchener ti Gẹ̀ẹ́sì. Èrò tèmi ni pé ìtàn yẹn kò pé.

Fashoda wà lẹ́bàá odò Náílì, ní ilẹ̀ àwọn Shilluk, ní Gúúsù Sudan òde òní. Faransé fẹ́ gbà á kí Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀. Ọdún 1896 ni Marchand gbéra láti etíkun Kóńgò, ó sì lé ní ọdún kan tí wọ́n fi wà lọ́nà. Wọ́n tú ọkọ̀ ojú omi wọn, Faidherbe, sí wẹ́wẹ́, èèyàn ló sì rù ú gba inú igbó kọjá. Ọkọ̀ irin o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.

Wọ́n dé Fashoda ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, 1898. Òyìnbó inú wọn ò ju bíi méjìlá lọ, àwọn ọmọ ogun Adúláwọ̀ sì tó nǹkan bí 120. Wọ́n tún odi àtijọ́ kan ṣe, wọ́n dá ọgbà ẹ̀fọ́. Ní oṣù Kẹjọ, ọmọ ogun Mahdi gba ojú omi wá kọlù wọ́n, wọ́n lé wọn padà. Ní oṣù Kẹsàn-án, Kitchener dé tòun ti ọkọ̀ ogun àti ọmọ ogun tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Kò sẹ́ni tó yìnbọn. Wọ́n jọ mu ọtí ni, àsíá Faransé ń fẹ́, ti Íjíbítì náà ń fẹ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Faransé kó ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Àwọn kan ní kíláàsì wa ní ojo ni Marchand. Mi ò gbà. Kí ni kí 120 èèyàn kú lé lórí níbẹ̀? Ilẹ̀ bàbá ta ni? Kitchener fúnra rẹ̀ sọ pé ọba Shilluk ní òun kò fi ilẹ̀ òun fún Faransé. Ta ló sì bi ọba náà bóyá ó fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Àwọn 120 yẹn gan-an ló dùn mí jù. Àwọn ló ń ṣọ́ odi lóru, tí ẹ̀fọn ń jẹ, nítorí ìjà tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹ má sọ pé ó jìnnà sí wa. Ní 1889, àwọn méjì yìí kan náà ló fa ìlà la ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Kétu ni ìyá màmá mi, ọmọ Ìmẹ̀kọ ni bàbá mi. Tí ìyá àgbà bá pè wá lórí fóònù, Yorùbá kan náà là ń sọ, àmọ́ tó bá kan ká ka owó, Faransé ló máa ń bọ́ sí.

Mo ti bi olùkọ́ ìtàn wa bóyá a lè rí orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn 120 yẹn. Wọ́n ní àwọn á wò ó. Mo ṣì ń retí.