Téṣàn tí Ó Dahoro: Àríkọ́gbọ́n fún Òrè àti Odígbó

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí ó mú ọjà wá lè yà, kí ọjà sì tú. Ohun tí ó dé bá àwọn téṣàn rélùwéè kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn, ó sì yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ Òrè àti Odígbó fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ojú irin kò dé Òrè rí. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti Èkó ní 1896, ìhà àríwá ni wọ́n kọjú sí, nítorí ẹrù tí wọn yóò kó wá sí etíkun. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì tẹ̀ síwájú lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró ni olóúnjẹ ti ń pàtẹ, tí aláàárù sì ti ń rí iṣẹ́.

Nígbà tí ó yá, mọ́tò gba èrò lọ́wọ́ rélùwéè. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Òkúdù 2021. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,435, ti àtijọ́ sì jẹ́ 1,067. Nítorí náà ọkọ̀ tuntun kò lè gba orí irin àtijọ́. Ọ̀pọ̀ téṣàn àtijọ́ wá di ilé aláǹgbá.

Àwọn kan ní kí a wó irú ilé bẹ́ẹ̀. Èrò yìí kò tọ́. Ilé Jaekel ní Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè lẹ́yìn àtúnṣe. Ohun tí ó ṣeé ṣe ní Èkó ṣeé ṣe ní ìgbèríko.

Kí ni ó wá kan Òrè? Oríta ni Òrè. Èrò tí ń ti Èkó lọ sí Bìní àti ìlà oòrùn ni ó ń bọ́ ọ. Ètò ojú irin Èkó sí Calabar, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé rẹ̀ ní 2014, ka Òrè mọ́ ibùdókọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ṣe é. Títì etíkun sí Calabar, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2024, kò sì gba Òrè kọjá. Bí èrò bá yà síbẹ̀, kí ni yóò ṣẹ́kù?

Ogun 1967 nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí Òrè. Kí àwọn olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn awakọ̀, àwọn olóúnjẹ àti àwọn àgbà Odígbó nísinsìnyí, kí wọ́n kọ ìtàn gáréèjì àti ọjà sílẹ̀. Ìtàn ọ̀pọ̀ téṣàn ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wọlẹ̀. Kò yẹ kí ti Òrè náà bá a lọ.