Àmì Ohùn Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ ‘oko’ láìfi àmì kankan sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni ó ní lọ́kàn? Àwáwí tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹ, ọ àti ṣ kò sí lára pátákó ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Nínú Microsoft Word orí Windows, ẹni tí ó bá tẹ 1EB9, tí ó sì tẹ Alt àti X pọ̀, yóò rí ẹ. 1ECD yóò di ọ, 1E63 yóò sì di ṣ. Bí 0301 bá tẹ̀lé ẹ tàbí ọ, tí ó tún tẹ Alt àti X, àmì ohùn òkè yóò gorí rẹ̀. 0300 ni ti ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ yìí lè falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ó di apá kan ẹ̀kọ́ àkọtọ́, kí ó sì ní máàkì tirẹ̀. Làálàá àwọn àgbà lórí àkọtọ́, láti ìpàdé Èkó ti 1875 títí dé àkọtọ́ 1974, kò gbọdọ̀ já sí asán. Olùkọ́ tí ó bá ti Ìjànikin lọ sí Àgbádárìgì láìmọ àmì í tẹ̀, kí ni yóò fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?