Ọ̀RỌ̀ FÚN AGBO ILÉ: ORIN TÍ OJÚ LÈ RÍ

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan ọmọ tí ó jókòó láàárín ìjọ nígbà tí a ń kọrin, tí ó ń wo ẹnu wa, ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ohùn kankan. Ǹjẹ́ ọmọ náà ha ní ìpín nínú orin bí?

A dáhùn pé ó ní. Ní ọdún 1824, nígbà tí a kọ́kọ́ gbé orin ńlá kẹsàn-án ti Beethoven jáde ní ìlú Vienna, etí ọkùnrin náà ti di. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin akọrin ni ó yí i padà, ó sì fi ojú rí ìyìn náà. Ní ọdún 1910 ẹ̀wẹ̀, Scriabin, ará Rọ́ṣíà, kọ orin kan tí ó pè ní Prometheus, ó sì kọ ipa ti iná sínú rẹ̀ bí a ti ń kọ ipa ti fèrè. Ní ọdún 1915 ni a lò ó pẹ̀lú iná aláràbarà ní New York.

Ẹ̀rọ àkànṣe ni wọ́n lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin, Costain wa kò sì ṣaláìní ohun tí a ti sọ nù: ìgò, agolo, àti àgbá epo tí ó ti dógùn-ún. Ilé ìṣeré ńlá ti Ìgànmú, tí a ṣí ní 1976, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká láti 2024, kò jìnnà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ Wesley fún àwọn adití wà ní Sùúrùlérè. Kí ni ìbá dí wa lọ́wọ́ láti so wọ́n pọ̀?

Báyìí ni a rò ó. Kí àwọn ọ̀dọ́ mú African Suite ti 1944, tí Fẹlá Ṣówándé, ẹni tí a bí ní 1905, kọ fún fáólìnì àti àwọn ìbátan rẹ̀. Kí wọ́n fi iná sínú ìgò. Bí a ti mọ dò, rè, mí, kí ìgò pupa rúsúrúsú wà nísàlẹ̀, kí aláwọ̀ ewé wà láàárín, kí funfun wà lókè. Bí orin bá gòkè, kí iná gòkè. Bí ó bá rọlẹ̀, kí iná ṣe bàìbàì. Níbi tí orin gbé dákẹ́, kí òkùnkùn wà. Kí a fi ẹ̀rọ agbóhùnjáde sínú àgbá fún ohùn tí ó nípọn jùlọ, kí ọmọ náà lè gbé ọwọ́ lé e, kí ìró rẹ̀ sì wọ inú egungun rẹ̀.

Kíka ìwọ̀n ni ìdí iṣẹ́ náà. Iná tí ń tàn tí ó sì ń kú láìní ìwọ̀n yóò dà bí iná ìsọ̀ lásìkò Kérésìmesì lásán. Ẹni tí kò bá lè ka ìwé orin, kí ó bẹ atẹdùùrù ìjọ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ìgò fífọ́. Bátìrì kékeré ni kí ẹ lò, ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ kan wáyà tí a jí, nítorí irú olè bẹ́ẹ̀ a máa sọ odidi àdúgbò sínú òkùnkùn.

Kí a sì pe àwọn adití fúnra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa fi ibi tí iná kò bá yé wọn hàn wá. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, ìgò mẹ́ta àti iná tọ́ọ̀ṣì tó láti fi bẹ̀rẹ̀.