Ẹ Jẹ́ Kí Ara Ó Yá Ná

Sí Ọ̀gbẹ́ni Túnjí Bello,
Ọ̀gá Àgbà Àjọ FCCPC,
Abuja.

Ọ̀gbẹ́ni Bello,

Ọ̀rọ̀ gbèsè àti ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ ni mo gbé wá síwájú yín. Ilé iṣẹ́ ọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mójú tó wọn ní Abuja, ṣùgbọ́n nínú ilé àwa tó ń bá wọn yí, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Ẹlòmíì ì bá kọ̀wé sí mínísítà ètò ìlera. Ẹ̀yin ni mo yàn, nítorí pé ọwọ́ àjọ yín tó ń dáàbò bo oníbàárà ni àṣẹ lórí àwọn ayánilówó orí fóònù wà, àti nítorí pé iṣẹ́ oníròyìn lẹ ṣe ní ìwé ìròyìn Concord kí ẹ tó di ẹni ìjọba. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka lẹ́tà ẹni tí a kò mọ̀ rí.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Abẹ́òkúta. Bipolar ni orúkọ tí dókítà pe àìsàn mi. N kò ní kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí, nítorí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní òbí, àwọn òbí sì ní ẹnu. Àìsàn náà ní ìgbà òkè, ó ní ìgbà ilẹ̀. Bó bá gbé mi sókè, oorun á dá lójú mi, ọkàn mi á máa sáré, kò sì sí òwò tí n kò ní rò pé mo lè dá sílẹ̀ kí ilẹ̀ ó tó mọ́. Ní irú òru bẹ́ẹ̀, gbogbo ará ilé ti sùn, ilé ìfowópamọ́ ti tì, áàpù ayánilówó nìkan ló ṣì lajú. Kì í béèrè ohun tí mo fẹ́ fi owó ṣe. Kò rí ojú mi. Kí àkùkọ ó tó kọ, owó ti wọlé, ó sì ti jáde. Bí àìsàn náà bá wá já mi sílẹ̀, n kì í lè dìde lọ wẹ̀, ká má tíì sọ pé mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọjọ́ ìsanwó máa ń pé.

Ti aránṣọ kan tí a jọ ń lọ gba ìtọ́jú kò rí bí tèmi. Òun kò ní ìgbà òkè rárá. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló dá a dùbúlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì fún oṣù púpọ̀, owó gbọ́mú-lé-lántà tó fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń bí èlé lọ. Ojú rẹ̀ mọ́ nígbà tó yá owó náà. Ẹnu ìsan ni àìsàn ti bá a.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi nìyí: owó oògùn ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń san gbèsè. Oògùn ọpọlọ kò dà bí oògùn ibà tí a ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni, fún ọdún gbọọrọ, fún ẹlòmíì títí láé. Ní ọdún 2023, náírà já wálẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ilé iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, ní oṣù kọkànlá Sanofi, ilé iṣẹ́ tó ni Epilim tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, náà kéde tirẹ̀. Láti ìgbà náà, iye tí a ń ra oògùn kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo mọ àwọn tó ń gé hóró kan sí méjì. Mo mọ àwọn tó ń lò ó lónìí tí wọ́n ń fo ọ̀la. Owó oṣù tó yẹ kí wọ́n fi rà á, ẹlòmíì ló kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn án. Láti ọdún 2020 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti gbé ètò GSI kalẹ̀: bí o bá jẹ ilé ìfowópamọ́ kan ní gbèsè, BVN rẹ, nọ́ńbà tó so gbogbo àkáǹtì rẹ pọ̀, ni wọn yóò fi tọpa rẹ dé ilé ìfowópamọ́ mìíràn, wọn yóò sì yọ owó wọn níbẹ̀. Àwọn ayánilówó orí fóònù ní tiwọn á lo nọ́ńbà káàdì ATM tí a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Owó oṣù á wọlé ní àárọ̀, kí ọwọ́ ẹni tó tó o, ó ti lọ.

N kò bá GSI jà. Ẹni tó jẹ gbèsè, kó san án. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, èmi náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń tẹ̀lé e. Oṣù kan kọjá láìsí oògùn. Àìsàn padà dé. Aláìsàn kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí kó wọ ìgbà òkè kó tún lọ yá owó tuntun ní òru. Ayánilówó tó sáré gba ti oṣù kan ti pàdánù ti ọdún kan. Ta ni èyí ṣe láǹfààní? Ilé ìwòsàn tún gba aláìsàn tó ti lọ sílé, ẹbí tún tú àpò, gbèsè náà sì wà níbẹ̀ kò tíì kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìtìjú. Ní ayé àtijọ́, bí gbèsè bá le, olówó á rán ológò sí ilé onígbèsè. Samuel Johnson kọ̀wé nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ológò á wá gúnlẹ̀ sílé onígbèsè, á máa pariwo, á máa pàṣẹ oúnjẹ, á máa gbé adìyẹ àti ewúrẹ́ tó bá rí nínú agbo ilé, títí ojú yóò fi ti gbogbo ẹbí, tí wọn yóò fi lọ wá owó náà. Ológò tuntun ń gbé inú fóònù. Ó ń kó gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó sì ń kọ̀wé sí ọ̀gá, sí páásítọ̀, sí àna, pé olè ni lágbájá, pé ó ti sá lọ. Ológò àtijọ́ le, àmọ́ ó fi ojú ara rẹ̀ rí onígbèsè. Bí ẹni náà bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ó rí i. Ti ìsinsìnyí kò rí nǹkan kan.

Orí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn ni mo wà nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ àbúrò mi obìnrin lọ́wọ́. Òun ló ń ka oògùn fún mi. Òun ló ń gbé oúnjẹ wá. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé òun ló ṣe onídùúró fún mi, irọ́ gbáà ni. Nígbà tó yá wọ́n pe ìyá ọkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò lè wá. Ọkọ rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ tó wà nílé, n kò sì dá a lẹ́bi.

Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, nítorí náà n kò lè sọ̀rọ̀ yìí láì dárúkọ Thomas Adéoyè Lambo. Ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Aro. Ó ní kí àwọn aláìsàn má ṣe wà ní àhámọ́, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ká, mọ̀lẹ́bí kan á bá aláìsàn wá, á máa se oúnjẹ fún un, á máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Káàkiri àgbáyé ni wọ́n ti ń sọ nípa iṣẹ́ náà. Àárín èèyàn ni Lambo ti ń wo aláìsàn. Títí di òní, bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ wa nìyẹn: ìjọba kò ní nọ́ọ̀sì tí yóò wá bá wa nílé, àbúrò, ìyá, alábàágbé ló ń ṣe é. Nígbà tí ayánilówó bá wá fi iṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń mú wa dúró gan-an ló ń lé jìnnà sí wa. Kò sí dókítà tó lè kọ oògùn tí yóò rọ́pò wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé gbogbo ẹni tí mo jẹ lówó ló hùwà báyìí. Màmá aláṣọ kan ní Ìtòkú tí mo ra àǹkárá àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́ pé ara mi kò yá, ó sì wá wò mí. Ó gbé ògì àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé owó rẹ̀, ó ní, "Olùkọ́, jẹ́ kí ara ó yá ná." Nígbà tí mo padà sí iṣẹ́, òun ni mo kọ́kọ́ san fún. Akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa náà pè mí jókòó, ó gé iye tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù sí ìdajì, ó sì fa ìgbà rẹ̀ gùn. Mò ń san án, n kò sì fo oṣù kan. Àwọn méjèèjì gba owó wọn nítorí pé wọ́n dúró. Mo bẹ̀bẹ̀ irú ìdúró yìí lọ́dọ̀ ayánilówó orí fóònù, mo fi ìwé ilé ìwòsàn ránṣẹ́. Èsì tó wọlé ni iye èlé ọjọ́ náà.

Mo mọ̀ pé àjọ yín ti ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó débẹ̀, ní oṣù kẹta 2022, àjọ náà àti ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù kan ní Ìkẹjà. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìlànà àkọ́kọ́ fún àwọn ayánilówó orí fóònù jáde. Lábẹ́ yín, ní oṣù keje 2025, òfin tuntun dé tó fi ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 100 náírà, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ilé iṣẹ́, lé ẹni tó bá rú u lórí. Ó tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi owó sínú àpò ẹni tí kò tọrọ rẹ̀. Mo dúpẹ́ tọkàntọkàn. Síbẹ̀, irú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yáni lówó àti irú ẹnu tí wọ́n fi ń bèèrè rẹ̀ ni àwọn òfin wọ̀nyí dojú kọ jù. Ìgbà tí aláìsàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ni èmi ń sọ.

Ní England àti Wales, láti ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún 2021, ètò kan wà fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìlera ọpọlọ tó ní àṣẹ bá jẹ́rìí pé ẹnì kan wà lẹ́nu ìtọ́jú pàjáwìrì, ọ̀pọ̀ jù lọ gbèsè rẹ̀ yóò dúró níbi tó wà. Kò ní bí èlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é láti bèèrè owó. Títí ìtọ́jú náà yóò fi parí ni, àti ọgbọ̀n ọjọ́ lé e. Wọn kò pa gbèsè náà rẹ́. Ó padà, ó sì bá ẹni tó lè jókòó, tó lè ka ìwé, tó lè sọ iye tí agbára rẹ̀ ká.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn, bó ṣe bá ilẹ̀ wa mu. Àwọn dókítà ọpọlọ wa kò pọ̀, nítorí náà kí nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ ìlera ọpọlọ àti dókítà ilé ìwòsàn gbogbogbòò náà lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Kí ìwé náà lọ sọ́dọ̀ yín tààrà, kó má lọ sọ́dọ̀ ayánilówó. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì, ayánilówó kò sì nílò láti mọ orúkọ àìsàn mi. Kó ṣáà mọ̀ pé kó dúró. Kí ẹ bá CBN sọ̀rọ̀ kí GSI náà lè dúró ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìsanwó bá sì tún bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó ṣírò iye tí èèyàn lè san.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan, èyí tí mo gbà gbọ́ pé yóò gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Nígbà tí ara mi bá dá, mo mọ ohun tí àìsàn lè mú mi ṣe ní òru. Ẹ ṣí ìwé kan tí mo lè fi BVN mi sí, tinútinú mi, kí áàpù kankan má ṣe yá mi lówó àfi bí ọjọ́ díẹ̀ bá kọjá lẹ́yìn tí mo tọrọ rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ péré, kí oorun lè kùn mí.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo mọ ohun tí àwọn ayánilówó yóò sọ: pé àwọn èèyàn yóò ra ìwé ẹ̀rí irọ́, àti pé àwọn kò ní yá ẹni tó bá ní àìsàn ọpọlọ lówó mọ́. Sí ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá ta ìwé irọ́, kí òfin mú òun àti ẹni tó rà á. Èkejì ló wúwo jù lójú mi, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa jẹ́ oníṣòwò tí kò lè ṣe láìyáwó. Ìdí rèé tí mo fi ní kí orúkọ àìsàn má dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ìdúró náà má sì di àbàwọ́n sínú àkọsílẹ̀ gbèsè ẹni.

Ẹ pe àwọn dókítà ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro àti ti Yaba, ẹ pe CBN, ẹ pe àwọn ayánilówó sí ìjókòó kan, kí ẹ sì pe àwa tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀ sí mọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ àkókò ọlidé, mo ṣetán láti wá sí Abuja lówó ara mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta.