Ẹ Má Fi Berdyaev Ṣe Kùmọ̀

Ó ti sú mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láti máa gbọ́ orúkọ Nikolai Berdyaev lẹ́nu àwọn tí kò fẹ́ ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ ju igi tí wọn yóò fi lu ẹlòmíràn. Bí ìjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lórí ọ̀rọ̀ ìjọba àti òmìnira, ẹnì kan a dìde, a ní, "Ṣé ẹ kò mọ̀ pé àwọn Kọ́múnísíìtì ni wọ́n lé amòye yìí kúrò ní ìlú rẹ̀? Ẹ̀rí wo ni ẹ tún ń wá?" Kò ní tíì jókòó tán tí ẹnì kejì yóò fi fò dìde pé ọmọ ọlọ́lá ni Berdyaev, pé ẹni tí a bí sínú ọrọ̀ kò lè mọ bí ebi ti ń pa òṣìṣẹ́. Àwọn méjèèjì a jókòó, ọkàn wọn a balẹ̀. N kò tíì rí èyí tí ó ka ìwé ọkùnrin náà nínú wọn.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé Berdyaev fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé lòdì sí irú ìwà yìí. Ní ọdún 1909, àwọn òǹkọ̀wé méje kan ní Rọ́ṣíà kó àròkọ wọn jọ sínú ìwé kan tí à ń pè ní Vekhi, ìyẹn ni Àmì Ojú Ọ̀nà. Bulgakov wà nínú wọn, Struve àti Frank wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ti tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Marx rí. Àròkọ ti Berdyaev ni ó ṣíwájú. Ẹ̀sùn tí ó fi kan àwọn ọ̀mọ̀wé Rọ́ṣíà ni pé, bí ẹ̀kọ́ kan bá dé iwájú wọn, wọn kì í béèrè pé, òtítọ́ ni àbí irọ́? Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni bóyá yóò ran àwọn lọ́wọ́ láti bi Tsar ṣubú, bóyá yóò ṣe àwọn mẹ̀kúnnù láǹfààní. Bí kò bá lè ṣe iṣẹ́ yìí, wọn a sọ ọ́ nù bí ewé ẹ̀kọ. Kì í ṣe pé Berdyaev fẹ́ràn Tsar. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìfẹ́ àwọn aláìní ti pa ìfẹ́ òtítọ́ lọ́kàn wọn. Inú bí wọn gidigidi. Láàárín ọdún kan, a tẹ ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, Lenin pàápàá sì kọ̀wé láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ẹ wá jẹ́ kí a yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò, kí a mọ ẹgbẹ́ tí ó lè pè é ní tirẹ̀. Ọdún 1874 ni a bí i ní agbègbè Kiev, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Òtítọ́ ni pé ìdílé ọlọ́lá ni wọ́n. Ológun ni baba rẹ̀, wọ́n sì fi ọmọ náà sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ológun, èyí tí ó kórìíra. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ọmọ ọlọ́lá, ẹ dúró gbọ́ ìyókù. Nígbà tí ó dé Yunifásítì Kiev, ẹ̀kọ́ Marx ni ó gbá mú. Ní 1898, ìjọba Tsar mú un pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, wọ́n lé e kúrò ní yunifásítì, lẹ́yìn náà wọ́n rán an lọ sí Vologda ní ìhà àríwá. Akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ni nígbà náà, kò sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí tí ó fi kú.

Ní 1913, ìjọba Tsar fi ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun ránṣẹ́ sí Òkè Athos, tí ó wà ní ilẹ̀ Gíríìsì lónìí. Wọ́n fi agbára kó àwọn mọ́ńkì ọmọ Rọ́ṣíà tí iye wọn ju 800 lọ kúrò níbẹ̀, nítorí àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ nípa Orúkọ Ọlọ́run. Berdyaev kò gba ẹ̀kọ́ àwọn mọ́ńkì náà gbọ́ lọ títí, ṣùgbọ́n inú bí i pé ṣọ́jà ni Ìjọ fi ń dáhùn ìbéèrè ẹ̀mí. Ó kọ àròkọ kan tí ó pe àwọn olórí Ìjọ ní apaná Ẹ̀mí. Wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ òdì kàn án, ẹ̀sùn tí ó lè gbé ènìyàn dé Síbéríà. Ogun 1914 ni ó dá ẹjọ́ náà dúró, ìyípadà ìjọba 1917 ni ó sì fòpin sí i. Àbí àwọn Kọ́múnísíìtì náà ni wọ́n pe ẹjọ́ yẹn?

Nígbà tí àwọn wọ̀nyí wá gba ìjọba, wọn kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ òmìnira kan sílẹ̀ ní Moscow níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní 1920, Yunifásítì Moscow fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, òun tí kò gboyè. Ní ọdún kan náà, àwọn ọlọ́pàá inú mú un, wọ́n sì mú un dé iwájú Dzerzhinsky, ọ̀gá wọn pátápátá. Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gẹ́gẹ́ bí Berdyaev ti ròyìn rẹ̀, kò dúró de ìbéèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tí òun kò fi lè gba ẹ̀kọ́ wọn, nípa ti ẹ̀sìn, ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ti ìwà, bí ẹni pé iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó dúró sí. Ó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 45. Dzerzhinsky gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n sì fi alùpùpù gbé e lọ sílé! Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tún mú un, wọ́n ní kí ó kúrò nílùú, wọ́n sì kìlọ̀ pé bí ó bá padà, ìbọn ni. Ní òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún 1922, ọkọ̀ ojú omi Jámánì kan, Oberbürgermeister Haken, gbé òun àti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé mìíràn kúrò ní Petrograd. Trotsky sọ fún aráyé pé àánú ni àwọn fi ṣe.

Ibi tí àwọn olùjiyàn wa máa ń parí ìtàn rẹ̀ sí nìyí, ibẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé Berlin díẹ̀, ó sì kó lọ sí ìtòsí Paris ní 1924. Àwọn ọmọ Rọ́ṣíà tí wọ́n sá lọ síbẹ̀ rò pé tiwọn ni. Kò pẹ́ tí ojú wọn fi là. Ó sọ fún wọn pé ìbọn kò lè lé ìjọba Kọ́múnísíìtì lọ, pé ohun tí àwọn Kristẹni kọ̀ láti ṣe fún àwọn aláìní ni ó bí ìjọba náà. Ìwé rẹ̀ lórí orísun Kọ́múnísíìmù Rọ́ṣíà, tí ó jáde ní 1937, fi hàn pé ẹ̀sìn ni ẹ̀kọ́ náà jẹ́ fún àwọn tí ó gbà á, àti pé láti inú ilẹ̀ Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ ni ó ti fa ọ̀pọ̀ gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n ní ó ti di pupa.

Láti 1925 títí di 1940, ó ṣe olóòtú ìwé àtìgbàdégbà kan tí à ń pè ní Put, 61 ni ó sì jáde. Nígbà tí àwọn olórí Ìjọ dá Bulgakov lẹ́bi ní 1935 nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa Ọgbọ́n Ọlọ́run, Berdyaev kò gba ẹ̀kọ́ náà, síbẹ̀ inú Put ni ó ti gbèjà rẹ̀. Ní 1939, àwọn kan fẹ́ lé Fedotov kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Paris nítorí pé àròkọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú kò bá tiwọn mu. Berdyaev tún bọ́ sójú agbo, ó bi Ìjọ tirẹ̀ léèrè bóyá òmìnira ọkàn tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrètí díẹ̀ sí ìjọba Soviet. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Kọ́múnísíìtì fi àbùkù kan Akhmatova àti Zoshchenko ní 1946, ó kọ̀wé lòdì sí ìyẹn náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó mú un hùwà báyìí kò ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Berdyaev ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ẹni tí a lè kà, orí kan nínú ẹgbẹ̀rún orí, tí ó jẹ́ ara ìlú bí ẹ̀ka ti jẹ́ ara igi. Èkejì ni ènìyàn tí a kò lè fi ṣe ẹ̀ka ohunkóhun, tí ìlú àti ìjọba kò tóbi jù ú lọ. Ti àkọ́kọ́ ni a bí mọ́ni. Ti èkejì, àfi kí a jà kí a tó ní in. Nígbà tí Yorùbá bá wo ẹnì kan tí orí, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé pérépéré, tí wọ́n sì ní, "Eléyìí kì í ṣe ènìyàn," ṣé ìyàtọ̀ yìí kọ́ ni wọ́n ń ṣe? N kò sọ pé ohun kan náà ni: ìwà ni àwọn baba wa ń wò, òmìnira ni Berdyaev ń wò. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1939 lórí ìsìnrú àti òmìnira, ó ka àwọn ohun tí ènìyàn ń ṣẹrú fún: ìjọba, ogun, owó, ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, ìyípadà ìjọba, àní èrò tí ènìyàn ní nípa Ọlọ́run pàápàá. Ó ní olówó ẹrú kò ní òmìnira ju ẹrú rẹ̀ lọ. Owó àti ìyípadà ìjọba wà nínú ìkà kan náà! Ta ni yóò wá fi ìwé yìí gbèjà àwọn olówó? Ta ni yóò fi gbèjà àwọn tí ń fi ìbọn dá ayé tuntun?

Ẹnì kan yóò ní amòye tí kò ní ìhà kò wúlò fún ilẹ̀ tí ìyà ń jẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Berdyaev ní ìhà: ìhà ẹni tí wọ́n ń lù lọ́wọ́ ni ó máa ń wà, ẹnikẹ́ni tí ìbáà di kùmọ̀ mú.

N kò ní kí ẹ gbà á gbọ́. Èmi gan-an kò gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó kọ́ lára Jakob Boehme, aránbàtà ilẹ̀ Jámánì nì, pé òmìnira ti wà ṣáájú ìṣẹ̀dá, pé Ọlọ́run kò dá a, nítorí náà ibi kì í ṣe ẹ̀bi Ọlọ́run. N kò rí bí a ti lè fi ìdí èyí múlẹ̀, òun náà kì í sì í ṣe ẹni tí ń fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. A máa sọ ọ́ bí ẹni tí ń lùlù, a sì máa tún un lù láti ìwé dé ìwé. Ní 1918, nígbà tí inú ń bí i sí ìyípadà ìjọba, ó kọ ìwé kan tí ó gbèjà àìdọ́gba láàárín ènìyàn, èyí tí a tẹ̀ ní Berlin ní 1923. Ìwé burúkú ni. Òun náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń kọ ìtàn ara rẹ̀: ó ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀, pé kò tọ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà.

Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 1948, ní Clamart, nídìí tábìlì tí ó ti ń kọ̀wé. Ìjọba Soviet kò jẹ́ kí a tẹ àwọn ìwé rẹ̀ ní Rọ́ṣíà títí di nǹkan bí 1989. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Ààrẹ Putin fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ nínú àdírẹ́ẹ̀sì tí ó kà fún àwọn aṣòfin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, a gbọ́ pé ìjọba pín ìwé àwọn amòye mẹ́ta fún àwọn gómìnà láti kà, Berdyaev sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìwé tí wọ́n yàn nínú gbogbo ìwé rẹ̀ ni ti 1923 yẹn, ibẹ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ tí ààrẹ fà yọ sì ti wá.